Nǹkan Oṣù àti Eré Ìdárayá: A Dáhùn Lẹ́tà Yín

Lẹ́tà yín lóṣù yìí pọ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì jẹ yọ nínú èyí tó pọ̀ jù: ṣé ó yẹ kí obìnrin máa ṣe eré ìdárayá nígbà tí nǹkan oṣù rẹ̀ bá kù sí dẹ̀dẹ̀, àti lẹ́yìn tó bá ti dé? Ó yẹ. Ìwọ̀nba ipò díẹ̀ ni kò ti yẹ, a ó sì sọ wọ́n láìfepo-bọyọ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti kàn wọ́n. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ fi sọ́kàn ni pé eré ìdárayá tó ń mú kí inú rírun rọlẹ̀ ni èyí tí obìnrin ń ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù dé òpin rẹ̀. Èyí tí ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí ikùn ti ń lọ́ ọ kò lè ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àǹtí wa. Ọmọ ogún ọdún ni mí, mo sì máa ń sáré láàárọ̀ nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Bí nǹkan oṣù mi bá ti ku nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, ọyàn á máa ro mí, ikùn á wú, ara á wúwo, ọ̀rọ̀ tí kò tó nǹkan á sì máa bí mi nínú. Eré tó rọ̀ mí lọ́rùn tẹ́lẹ̀ á wá di ìnira. Ṣé kí n máa fi ọ̀sẹ̀ yẹn sinmi ni? (Akẹ́kọ̀ọ́, Sámọ́ńdà)

Má fi gbogbo ọ̀sẹ̀ náà sinmi, àbúrò. Dín eré náà kù, má pa á tì.

Lẹ́yìn tí ẹyin bá ti bọ́, èyí tó sábà máa ń jẹ́ nǹkan bí ọjọ́ 14 kí ẹ̀jẹ̀ tó dé, họ́mọ́ọ̀nù kan tí wọ́n ń pè ní progesterone máa ń pọ̀ sí i nínú ara. Ó máa ń mú kí ara gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ díẹ̀, nǹkan bí 0.3 sí 0.5 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ìdí nìyẹn tí oòrùn tí o fara dà lọ́sẹ̀ tó kọjá fi lè le jù fún ọ lọ́sẹ̀ yìí. Tí nǹkan oṣù bá wá ku ọjọ́ mélòó kan, progesterone àti estrogen, họ́mọ́ọ̀nù obìnrin mìíràn, á jọ lọ sílẹ̀, inú bíbí, ẹkún tí kò nídìí àti àìróorun-sùn á sì wọlé fún ọ̀pọ̀ obìnrin. Omi náà máa ń dúró sára. Tí o bá gun òṣùwọ̀n, o lè rí i pé o ti fi kílò 1 tàbí 2 wúwo sí i. Kì í ṣe ọ̀rá, yóò sì lọ fúnra rẹ̀ nígbà tí nǹkan oṣù bá dé. Má tìtorí rẹ̀ febi pa ara rẹ.

Jẹ́ kí iye ọjọ́ tí o ń jáde dúró bó ṣe wà, eré ni kí o fà sẹ́yìn. Bí o bá ń fi ìṣẹ́jú 30 sáré láìdúró tẹ́lẹ̀, sá a fún ìṣẹ́jú 3, rìn fún ìṣẹ́jú 2, kí o ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Ìwọ̀n tó dára ni kí o lè máa bá ẹni tí ẹ jọ jáde sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kí èémí rẹ má ká orin. Jáde kí aago 7 àárọ̀ tó lù, tàbí kí o dúró di ìrọ̀lẹ́ tí oòrùn bá ti rọ̀. Mu omi inú ọ̀rá kan, èyí tó jẹ́ 50cl, ní bíi wákàtí kan kí o tó jáde, kí o sì mu òmíràn tí o bá dé. Àwọn kan máa ń yẹra fún omi nítorí pé ikùn wọn ti wú. Omi mímu kọ́ ló ń wú u. Iyọ̀ ni kí o ṣọ́, nítorí iyọ̀ ní ń dá omi dúró sára: nóódùsì tí o tú gbogbo èròjà inú ọ̀rá rẹ̀ dà sí, ẹran gbígbẹ oníyọ̀, àti ọbẹ̀ tí kúùbù magí ti pọ̀ jù.

Ti ọyàn ríro, kọ́mú ni ọ̀rọ̀ kàn. Èyí tó ti fẹ̀ lókùn tàbí tí kò ká ọyàn tán kò wúlò fún eré sísá. Wọ̀ ọ́, dúró níwájú dígí, kí o fò sókè díẹ̀: bí ọyàn bá ń mì lọ mì bọ̀, wọ èyí tó fún gírí lé e lórí. Láàárín ọjọ́ tí ọyàn bá ń ro ọ́ jù, fi okùn fífò àti eré sísá sílẹ̀, kí o rin ìrìn kánmọ́kánmọ́ tàbí kí o gun kẹ̀kẹ́.

Rí i pé o ní ìwé kékeré kan, tàbí kí o lo fóònù rẹ. Ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ gidi kọ́kọ́ dé ni ọjọ́ 1. Kọ ọ́ sílẹ̀, kí o sì kọ bí ara ṣe rí àti eré tí o ṣe sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, o ó ti mọ ọjọ́ tí ara rẹ ń rọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún ọ, o ó sì lè gbé eré tó le jù sí ọjọ́ tí ara le.

Ó ku kan. Ìrìn àti eré sísá máa ń tu inú lára, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ìbànújẹ́ ọ̀sẹ̀ náà bá pọ̀ débi pé o kò lè lọ kíláàsì, tàbí tó bá ń wá sí ọ lọ́kàn pé kí o pa ara rẹ lára, má gbà kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé sáré sí i. Sọ fún ẹnì kan tí o fọkàn tán, kí o sì rí dókítà lọ́jọ́ náà gan-an. Àìsàn tó ní ìtọ́jú ni.

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú làálàá. Aránṣọ ni mí. Lọ́jọ́ kìíní nǹkan oṣù mi, n kì í lè jókòó sídìí ẹ̀rọ. Ikùn á máa lọ́ mi, ìrora á bọ́ sí ẹ̀yìn àti itan, nígbà mìíràn mo máa ń yàgbẹ́ gbuuru. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n máa mu jíìnì díẹ̀. Ẹlòmíràn ní eré ìdárayá ló dára. Ìyá mi ní bí mo bá ń nara kiri báyẹn, ilé-ọmọ mi á kúrò nípò. Èwo ni kí n gbà? (Aránṣọ, Mọ́lété)

Ẹ bá wa kí ìyá yín, kí ẹ sì fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀. Ìrìn tàbí ìnara tí ènìyàn ṣe nígbà nǹkan oṣù kì í mú ilé-ọmọ kúrò nípò. Jíìnì ni ká kọ́kọ́ gbé jù nù: tí ẹ bá fi gbé ibuprofen, ó lè mú kí inú ṣẹ̀jẹ̀, tí ẹ bá fi gbé paracetamol lemọ́lemọ́, ẹ̀dọ̀ ni yóò forí fá a.

Ilé-ọmọ jẹ́ iṣan. Nígbà tí nǹkan oṣù bá fẹ́ dé, awọ inú rẹ̀ máa ń tú èròjà kan jáde tí wọ́n ń pè ní prostaglandin. Èròjà yìí ló ń mú kí ilé-ọmọ máa fún ara rẹ̀ pọ̀ kí ó lè ti awọ náà jáde. Bó bá ti ń fún un, ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn lọ síbẹ̀ á dín kù, ibẹ̀ ni ìrora ti ń wá. Bí prostaglandin bá pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, kì í mọ sí ilé-ọmọ nìkan. Ó máa ń dé ìfun, ìdí sì nìyẹn tí ìgbẹ́ fi ń ṣe yín gbuuru. Ọjọ́ kìíní àti ìkejì ló sábà máa ń le jù.

Ọ̀nà tí eré ìdárayá ń gbà ṣèrànwọ́ ju ẹyọ kan lọ: ẹ̀jẹ̀ á máa ṣàn dáadáa sí ìbàdí, ara á sì máa tú èròjà tirẹ̀ tó ń pa ìrora jáde. Àwọn onímọ̀ tó kó ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ yìí jọ rí i pé obìnrin tó bá ń fi ìṣẹ́jú 45 sí 60 ṣe é, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìrora rẹ̀ lè dín kù débi tí òun fúnra rẹ̀ á fi mọ̀ ọ́n lára, ì báà jẹ́ ìnara jẹ́jẹ́ ló ń ṣe tàbí èyí tó le. Kì í ṣe oṣù kan. Ẹ fún un ní oṣù méjì sí mẹ́ta kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́.

Aránṣọ tó ń jókòó láti àárọ̀ dalẹ́ kò gbọdọ̀ fi ìṣẹ́jú 45 bẹ̀rẹ̀. Ẹ mú ọjọ́ mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀, bí Ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti Ọjọ́ Ẹtì. Lọ́sẹ̀ kìíní, ẹ rin ìrìn kánmọ́kánmọ́ fún ìṣẹ́jú 15. Ẹ fi ìṣẹ́jú 5 kún un lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ títí ẹ ó fi dé 45. Òkè-Àdó kò jìnnà sí Mọ́lété, ẹ lè gba ọ̀nà pápá ìṣeré tí àwọn àgbà ṣì ń pè ní Liberty, kí ẹ sì yí padà nígbà tí àsìkò bá dé ìdajì. Bàtà tó ká ẹsẹ̀ ni kí ẹ wọ̀, kì í ṣe sálúbàtà.

Lọ́jọ́ tí ìrora bá dé, ohun tí ẹ ó ṣe nínú yàrá nìyí. Ẹ kọ́kọ́ jẹ nǹkan díẹ̀, bí ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín. Lẹ́yìn náà, ẹ rọ omi gbígbóná tí kì í ṣe híhó sínú ike rọ́bà tó nípọn, ẹ fi táwẹ́ẹ̀lì wé e, kí ẹ gbé e sí abẹ́ ìdodo fún ìṣẹ́jú 15 sí 20. Ẹ má lo ike ẹlẹ́rìndòdò, ó máa ń rún tí omi gbígbóná bá wọ inú rẹ̀, ìdérí rẹ̀ á sì ṣí sí yín lára. Ẹ wá rìn yípo inú ilé fún ìṣẹ́jú 5 kí ara lè yá.

Ẹ tẹ́ ẹní. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ fi ìdí jókòó lé gìgísẹ̀, ẹ tẹ̀ síwájú títí iwájú orí yóò fi kan ilẹ̀, kí ẹ na ọwọ́ méjèèjì síwájú. Ẹ dúró bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, ẹ máa mí wọlé láti imú, ẹ máa mí jáde láti ẹnu. Bí orúnkún bá ń dùn yín, ẹ ká ìrọ̀rí sáàárín itan àti ojúgun. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọwọ́ àti orúnkún gúnlẹ̀ bí ọmọ tó ń rá. Bí ẹ bá ń mí síta, ẹ gbé ẹ̀yìn sókè kó tẹ̀ bí ọrun. Bí ẹ bá ń mí sínú, ẹ jẹ́ kí ó rọ̀ sísàlẹ̀, kí orí gbé sókè. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, láìkánjú. Ẹ wá fi ẹ̀yìn lélẹ̀, ẹ fa orúnkún méjèèjì mọ́ àyà, ẹ fọwọ́ gbá wọn mú, kí ẹ máa yí díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì fún ààbọ̀ ìṣẹ́jú. Ẹ sinmi, ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì sí i. Èyí tó kẹ́yìn ni ti ìbàdí: ẹ ṣì dùbúlẹ̀, ẹ ká orúnkún kí àtẹ́lẹsẹ̀ kan ilẹ̀, ẹ tẹ ẹ̀yìn ìbàdí mọ́ ẹní kí àlàfo abẹ́ rẹ̀ dí, ẹ ka 1 dé 5, ẹ tú u sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá náà. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú 15 lọ. Bí ara bá ti fúyẹ́, ẹ jáde lọ rìn fún ìṣẹ́jú 20.

Ohun tó sábà máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ ni dídá èémí dúró. Ẹni tí ìrora bá mú máa ń há èémí mọ́ àyà, iṣan ikùn á sì le sí i. Ẹlòmíràn á dùbúlẹ̀, á máa dìde jókòó lọ́pọ̀ ìgbà kí ikùn lè wọlé. Ìyẹn ń fún ibi tó ti fún tẹ́lẹ̀, ẹ fi í di ọjọ́ kẹrin.

Ti oògùn: ibuprofen ń dí ara lọ́wọ́ láti ṣe prostaglandin, nítorí náà, nígbà tí ìrora ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ lò ó, kì í ṣe ìgbà tó bá ti dójú ẹ̀. Miligíráàmù 200 sí 400 lẹ́yìn oúnjẹ, kí wákàtí 6 sí 8 wà láàárín èyí àti òmíràn, kó má sì ju 1,200 lọ lójúmọ́ láìjẹ́ pé dókítà ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, àìsàn kíndìnrín, tàbí ásímà tí irú oògùn bẹ́ẹ̀ máa ń ru sókè, kó má lò ó. Kó má sì sí Felvin tàbí diclofenac lórí rẹ̀, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Apòògùn tó bá ń di oríṣi mẹ́ta pọ̀ sínú bébà fún yín, ẹ béèrè orúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó gbé e mì.

Bí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí fún oṣù mẹ́ta tí ẹ kò tíì lè jókòó sídìí ẹ̀rọ, tàbí tí ìrora bá ń le sí i lọ́dọọdún, tàbí tó ń mú yín nígbà tí nǹkan oṣù kò sí, nígbà ìbálòpọ̀ tàbí nígbà ìgbẹ́ yíyà, ẹ lọ rí dókítà tó ń tọ́jú àìsàn obìnrin. Ó lè jẹ́ fibroid, kókó tó ń hù nínú ilé-ọmọ, ó lè jẹ́ endometriosis, èyí tí awọ tó jọ ti inú ilé-ọmọ ń hù síta rẹ̀. Àwọn àìsàn wọ̀nyí kò ṣeé fi ìdárayá wò sàn, kò sì yẹ kí a máa sọ fún obìnrin pé kó fara dà á.

Ẹ jọ̀wọ́, ọmọbìnrin mi jẹ́ ọmọ ọdún 14. Ó fẹ́ràn eré sísá nílé ìwé, wọ́n sì tún ń kọ́ wọn ní omi wíwẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí pé eré máa ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ pọ̀ jù. Báwo sì ni ti ọ̀ràn páàdì? (Ìyá Ọlọ́mọbìnrin, Ojóò)

Eré kì í sọ ẹ̀jẹ̀ di púpọ̀. Èyí tó ti kó jọ sísàlẹ̀ nígbà tó jókòó ni yóò tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà tó bá dìde sáré, òun ni ẹ̀yin méjèèjì ń rí. Gbogbo ẹ̀jẹ̀ tí ọ̀pọ̀ obìnrin ń rí láàárín nǹkan oṣù kan jẹ́ nǹkan bíi mililítà 30 sí 40, èyí tí kò ju ṣíbí ìjẹun ńlá 2 sí 3 lọ. Ó máa ń dà bí ẹni pé ó jù bẹ́ẹ̀ lọ nítorí omi mìíràn máa ń dà pọ̀ mọ́ ọn.

Kó pààrọ̀ páàdì kí eré tó bẹ̀rẹ̀, kó sì tún pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn eré, kódà bí kò tíì kún, nítorí òógùn ti rin ín. Lọ́jọ́ lásán, kó má ju wákàtí 4 sí 6 lọ lára. Páàdì oníyẹ̀ẹ́ ló dára fún ọmọ tó ń sáré, pẹ̀lú pátá òwú tó bá a lára mu, kó wá wọ táìtì dúdú tó fún lé e. Pátá tó tóbi jù ló ń jẹ́ kí páàdì yẹ̀, kì í ṣe eré. Bí itan bá máa ń bó o, ẹ bá a fi Vaseline tín-ínrín pa ibi tí itan méjèèjì ti ń kan ara wọn, kì í ṣe ojú ara. Ẹ di páàdì 2, pátá 1 àti ọ̀rá dúdú 1 sínú báàgì rẹ̀ ní gbogbo ìgbà, ì báà jẹ́ ọjọ́ rẹ̀ tàbí kò jẹ́ ẹ, nítorí nǹkan oṣù ọmọ ọdún 14 kì í tíì bá kàlẹ́ńdà mu.

Páàdì kò wúlò nínú adágún ìlúwẹ̀ẹ́, omi ni yóò fà mu. Ẹni tó bá fẹ́ wẹ̀ lọ́jọ́ yẹn yóò lo tampon, òwú tí wọ́n ń kì sínú ojú ara, tàbí ife nǹkan oṣù, ife kékeré tí wọ́n ń fi síbẹ̀ láti gba ẹ̀jẹ̀. Tampon kò gbọdọ̀ ju wákàtí 8 lọ nínú ara, nítorí kòkòrò lè fi ibẹ̀ ṣe ilé kí ó sì fa àìsàn tó lè gbẹ̀mí ènìyàn. Ife lè tó wákàtí 12. Bí ẹ̀yin tàbí ọmọ náà kò bá fẹ́ ohun tó ń wọ inú ara, kò sí ohun tó burú níbẹ̀: kó fi ọjọ́ méjì mẹ́ta náà sáré lórí ilẹ̀, kó padà sínú omi tó bá dá. Ẹ kọ ìwé sí olùkọ́ rẹ̀ kí wọ́n má bàa fi dandan mú un.

Ẹ̀yin olóòtú, mo kí yín. Ọmọ ọdún 44 ni mí, ata ni mò ń tà ní Bódìjà. Láti bí oṣù mélòó kan, nǹkan oṣù mi ń tó ọjọ́ 9. Páàdì ń kún láàárín wákàtí kan, ẹ̀jẹ̀ dídì ńlá sì ń bá a jáde. Tí mo bá gun òkè díẹ̀ báyìí, òòyì á kọ́ mi, àyà mi á máa lù kìkì. Wọ́n ní kí n máa ṣe eré ìdárayá kí n lè lókun. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? (Ọlọ́jà, Bódìjà)

Ilé ìwòsàn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ìyá wa, kí ọ̀sẹ̀ yìí má sì parí kí ẹ tó lọ. Ẹ má ṣe eré ìdárayá kankan ná.

Ẹ̀jẹ̀ tó kọjá ọjọ́ 7, tó ń kún páàdì ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, tó ń dì, tí òòyì sì tún ń tẹ̀ lé e, ti kúrò ní ti nǹkan oṣù lásán. Ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé afẹ́fẹ́ tí iṣan ń lò. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ kò bá tó, ọkàn ní láti máa sáré kí díẹ̀ tó wà lè yí ara ká, òun ni ẹ ń gbọ́ tí àyà ń lù kìkì. Bí ẹ bá tún wá gbé ìdárayá lé e, ẹ lè ṣubú lójú ọ̀nà. Bí páàdì bá ń kún bẹ́ẹ̀ fún wákàtí méjì léra, tàbí ojú ń ṣú yín, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́: ẹ lọ sí ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́ ní Yemẹ́tù tàbí UCH, ibi tó bá sún mọ́ yín jù.

Ẹ ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò. Fún obìnrin tí kò lóyún, hemoglobin, èròjà tó ń gbé afẹ́fẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀, tí kò tó 12, tàbí PCV, ìwọ̀n sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀, tí kò tó 36 nínú ọgọ́rùn-ún, túmọ̀ sí pé ẹ̀jẹ̀ kò tó. Wọn yóò ṣe àyẹ̀wò oyún, wọn yóò sì ya àwòrán ilé-ọmọ. Ní ọjọ́ orí yín, ó lè jẹ́ fibroid, ó lè jẹ́ pé họ́mọ́ọ̀nù ti ń dàrú nítorí pé nǹkan oṣù ń múra àtilọ, wọ́n sì gbọ́dọ̀ wo awọ inú ilé-ọmọ pẹ̀lú kí wọ́n lè dá a lójú pé kò sí jẹjẹrẹ níbẹ̀.

Bí wọ́n bá fún yín ní oògùn ẹ̀jẹ̀, ẹ fi omi ọsàn gbé e, ẹ má fi tíì tàbí mílíìkì gbé e, nítorí àwọn yẹn kì í jẹ́ kí ara fà á mu. Ìgbẹ́ yóò dúdú, ẹ má bẹ̀rù. Bí PCV bá tilẹ̀ ti gòkè, wọn yóò ní kí ẹ máa lò ó lọ fún bí oṣù mẹ́ta kí ibi ìpamọ́ inú ara lè kún. Àpòpọ̀ mọ́ọ̀tì àti mílíìkì tí àwọn ènìyàn máa ń mu kí ẹ̀jẹ̀ lè pọ̀ kò ṣe iṣẹ́ yẹn rárá, owó lásán ni. Ẹ̀dọ̀, ẹran, ẹja, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ ni kí ẹ máa jẹ, kí ẹ sì jẹ ọsàn lé e lórí. Bí ẹ bá jẹ́ fòníkú-fọ̀ladìde, ẹ kọ́kọ́ sọ fún dókítà kí ẹ tó fẹnu kan oògùn ẹ̀jẹ̀ kankan.

Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ti dúró tí PCV sì ti padà bọ̀ sípò, ẹ rìn fún ìṣẹ́jú 10 lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀. Òkè, bíi ti Màpó, ẹ fi í di ẹ̀yìn oṣù kan.

Ẹ kú iṣẹ́. Mò ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní eré sísá. Ọ̀kan nínú wọn kò rí nǹkan oṣù láti oṣù mẹ́rin, inú rẹ̀ sì ń dùn pé ó ti bọ́. Òmíràn kì í fẹ́ sáré lọ́jọ́ kìíní rárá. Báwo ni kí n ṣe é? (Kóòṣì, Òkè-Àdó)

Ti àkọ́kọ́ ló yẹ kó kọ yín lóminú. Ẹ má bá a yọ̀. Bí oyún kò bá sí, tí ọmọ náà sì ń sáré púpọ̀, ohun tó sábà máa ń fà á ni pé oúnjẹ tó ń jẹ kò tó iṣẹ́ tó ń ṣe. Ara á wá pa họ́mọ́ọ̀nù tì láti fi ṣọ́ agbára lò. Estrogen tó lọ sílẹ̀ ń jẹ́ kí egungun fúyẹ́, ẹ ó sì rí i lẹ́yìn ọ̀la tí ojúgun yóò sán láìjẹ́ pé ó ṣubú. Oṣù mẹ́ta láìsí nǹkan oṣù ti tó kí ó rí dókítà. Ọmọ tó bá ti pé ọdún 15 tí kò tíì rí i rí, òun náà ní láti lọ. Ní báyìí ná, ẹ dín iṣẹ́ rẹ̀ kù, kí ẹ sì rí i pé ó ń jẹun kí ó tó sáré àti láàárín wákàtí kan lẹ́yìn rẹ̀: ìrẹsì àti ẹ̀wà, àmàlà pẹ̀lú gbẹ̀gìrì àti ẹran, búrẹ́dì àti ẹyin.

Ti èkejì rọrùn. Láàárín ọ̀pọ̀ obìnrin, ìyàtọ̀ tí ọjọ́ nǹkan oṣù ń mú bá eré kéré púpọ̀, ṣùgbọ́n ti olúkálùkù yàtọ̀. Paula Radcliffe ará Ìlú Ọba sá maratọ́ọ̀nù ní Chicago lọ́dún 2002 pẹ̀lú inú rírun nǹkan oṣù, ó sì fi wákàtí 2, ìṣẹ́jú 17 àti ìṣẹ́jú àáyá 18 sá a tán, èyí tó yá ju ti obìnrin èyíkéyìí lágbàáyé títí di ìgbà náà. Ìyẹn kò sọ ọ́ di òfin fún ọmọ tí ikùn ń lọ́. Ẹ bi í léèrè ní kọ̀rọ̀, kì í ṣe lójú àwọn ọmọkùnrin. Ẹ fún un ní ìnara àti ìrìn lọ́jọ́ 1, kó padà sí eré lọ́jọ́ 2 tàbí 3. Kí páàdì wà nínú àpótí egbòogi yín bí báńdéèjì ṣe wà níbẹ̀. Tí ìdíje bá ń bọ̀, kó ti mọ oògùn tó bá a lára mu ṣáájú, kó má lọ dán òmíràn wò lórí pápá.

Ní kúkúrú

*Ṣé omi tútù ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì sínú?* Rárá. Inú ikùn ni omi tí ẹ mu ń lọ, kì í dé ilé-ọmọ. Ẹ mu èyí tó bá tẹ́ yín lọ́rùn lẹ́yìn eré.

*Wọ́n ní nǹkan dídùn ló ń fa inú rírun, pé jẹ̀díjẹ̀dí ni.* Prostaglandin tí a ti sọ̀rọ̀ rẹ̀ ló ń fà á. Ṣúgà púpọ̀ kò dára fún ara, ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n fi àgbo jẹ̀díjẹ̀dí wò lóṣooṣù nítorí inú rírun nǹkan oṣù kò tíì rí ìtọ́jú gbà.

*Ṣé mo lè fi orí gúnlẹ̀ tàbí gbé ẹsẹ̀ sókè sí ara ògiri nígbà tí mò ń ṣe nǹkan oṣù?* Ẹ lè ṣe é. Bó bá ni yín lára, ẹ fi í sílẹ̀.

*Mò ń gbé irin ní jíìmù. Ṣé kí n dúró?* Ẹ má dúró. Lọ́jọ́ 1 àti 2, bí ara bá wúwo, ẹ yọ nǹkan bí ìdá márùn-ún kan kúrò nínú ohun tí ẹ ń gbé: ẹni tó ń gbé kílò 40 kó gbé 32. Ẹ mí síta bí ẹ bá ń gbé e sókè, ẹ mí sínú bí ẹ bá ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Bẹ́líìtì tí wọ́n ń so mọ́ ikùn, ẹ tú u sílẹ̀ lọ́jọ́ méjì náà bó bá ń tẹ abẹ́ ìdodo, kí ẹ sì fi ìlóṣòó tí kò ní irin lọ́wọ́, 10 lẹ́ẹ̀mẹ́ta, rọ́pò èyí tó wúwo. Ní ọjọ́ 4 tàbí 5, ẹ dá kílò 40 yín padà.